Ìka Tí Mo Fi Kẹrosíìnì Fọ̀

Ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn eṣúṣú ní fíríìjì tiwọn. Èmi ò ní. Nínú ilé tí mo ti háyà yàrá kan, àwa márùn-ún la jọ ń lo fíríìjì kan, kálukú wa sì kọ orúkọ sára mílíìkì rẹ̀ bí ẹni tó ń sàmì sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ni nọ́ọ̀sì kan ní kí n lọ gbé eṣúṣú wá láti ibi tí wọ́n ń kó oògùn sí. Mo rò pé ó ń fi àlejò ṣeré, mo sì rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n gbé ike kan lé mi lọ́wọ́, eṣúṣú mẹ́fà ń yíra nínú omi rẹ̀, mo sì buwọ́ lùwé pé mo gbà wọ́n láàyè, wọ́n pé.

Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Bí wọ́n bá rán ìka tó gé padà mọ́ ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ máa ń rí ọ̀nà wọ inú rẹ̀ ju bó ṣe ń rí ọ̀nà jáde lọ. Ìka náà á wú, á dúdú. Wọ́n á wá gbé eṣúṣú lé e kó fa ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù jáde, títí ara á fi la ọ̀nà tuntun fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tá a bá lọ sí abúlé ìyá mi, iyọ̀ la fi ń lé irú ẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀. Níbí, eṣúṣú ní fáìlì. Èmi tí mo kàwé gboyè nínú ìmọ̀ èdè ni mò ń gbé e kiri.

Pọ́tà ni wọ́n ń pe iṣẹ́ mi. Mo máa ń ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, mo máa ń tì í bọ̀. Mo máa ń gbé ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, àti ohunkóhun tí kò lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti wọ́ọ̀dù kan sí èkejì. Nínú ìwé tí mo fi wá iṣẹ́ náà, mo kọ ojú ewé kan gbáko nípa ìrírí mi nínú ìṣàkóso. Ẹni tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò kàn bi mí bóyá ẹ̀yìn kì í dùn mí.

Kò tíì tó oṣù kan tí wọ́n fi pè mí sí ẹ̀ka pàjáwìrì pé kí n wá gbé ìka. Káfíńtà àgbàlagbà kan ni ayùn rẹ̀ gé e. Nọ́ọ̀sì tó fà á lé mi lọ́wọ́ jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn àlàyé, ó sì ṣí àpótí náà hàn mí. Wọ́n ti fi aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi omi oníyọ̀ rin wé ìka náà, wọ́n kó o sínú ọ̀rá, wọ́n de ẹnu ọ̀rá náà pinpin, ọ̀rá ló wá wà lórí yìnyín. Ìka fúnra rẹ̀ ò fara kan yìnyín, nítorí yìnyín á jó o bí iná. Ó ní bí wọ́n bá gbé e báyìí, ó lè dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó sì tún padà sára. Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó kù, ní ohùn ẹni tó ń rán mi létí pé kí n ti ilẹ̀kùn tí mo bá ń jáde.

"A kì í fi nǹkan kan fọ̀ ọ́. Bó ti wù kó dọ̀tí tó."

Mo gbé àpótí náà sílẹ̀. Ó rò pé ẹ̀rù ìka ló ń bà mí, ó ní àwọn tuntun máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì fa àga wá fún mi. Mo jókòó, mo gbé ìka ẹni ẹlẹ́ni lé itan, mo ń ronú nípa ìka ẹ̀gbọ́n mi.

Bọ̀ọ̀dá Múfú ni ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá kan náà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, ní òpópónà tí ariwo ẹ̀rọ ti pọ̀ débi pé ńṣe ni àwọn èèyàn ń pariwo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ síra wọn létí. Nígbà tí mo jáde ní yunifásítì tí iṣẹ́ ò yọjú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo wà, tí mò ń to ojú ìwé lórí kọ̀ǹpútà, tí mo sì ń ṣe bí ẹni tó kàn yà síbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ní ìka kan, ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún, èyí tó tẹ̀lé àtàǹpàkò. Ìka yẹn ló fi ń ka bébà. Á fẹ́ ìdì bébà bí abẹ̀bẹ̀, á fi ìka náà gbá etí rẹ̀ ní márùn-ún márùn-ún, kó tó ìṣẹ́jú kan á ti sọ fún ẹ pé ewé mẹ́ta ló dín. Àwọn tó ń ta bébà fún wa bẹ̀rù ìka náà ju bí wọ́n ṣe bẹ̀rù ọlọ́pàá lọ.

Oníbàárà kan gbé iṣẹ́ kàlẹ́ńdà wá, ti ọjọ́ ìbí ara rẹ̀. Dókítà, Àlájì, Olóyè, Ẹnjiníà: gbogbo rẹ̀ ló wà níwájú orúkọ ẹyọ kan. Yunifásítì kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló fún un ní Dókítà, òun ló sì fẹ́ràn jù nínú wọn. Ó ní kí àwọn lẹ́tà náà tóbi. Èmi ni mo to ojú ìwé náà. Nígbà tí àwọn oyè ò gba ààyè, mo sún Dókítà dé etí bébà pátápátá. Bọ̀ọ̀dá wò ó, ó ní etí yìí ti sún mọ́ ọ̀bẹ jù. Mo fi ọgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ dá a lóhùn pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde òní nìyẹn.

Ọjọ́ tá a ń gé kàlẹ́ńdà náà, ọ̀bẹ ẹ̀rọ agébébà tí gbogbo Ṣómólú ń pè ní kọ́tà ti ń sọ̀kalẹ̀ nígbà tí Bọ̀ọ̀dá rí i pé ìdì bébà ti yẹ̀, pé ọ̀bẹ á gé Dókítà dànù. Ó na ìka láti tì í padà. Dókítà là á já. Ìka ò là á já.

Wọ́n ti gbé Bọ̀ọ̀dá sínú kẹ̀kẹ́ márúwá lọ sílé ìwòsàn kí ẹnì kan tó rántí pé ó yẹ ká mú ìka náà dání. Wọ́n ní kí n wá a. Mo rí i láàárín àwọn àgékù bébà, yíǹkì dúdú ti bò ó. Ojú tì mí. Ohun tó kọ́kọ́ bá mi nìyẹn, mi ò ní parọ́: ìtìjú. Mo rò pé dókítà kan tó wọ aṣọ funfun á wò ó, á wò mí, á sì sọ nínú ara rẹ̀ pé ẹ ò rí àwọn ará Ṣómólú. Kò sí ilé ìtẹ̀wé tí agolo kẹrosíìnì kan ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Òun la fi ń bó yíǹkì kúrò lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́, ká tó fi ọṣẹ tẹ̀lé e. Mo ti ìka ẹ̀gbọ́n mi bọ inú agolo náà. Mo fọ̀ ọ́ bí mo ṣe máa ń fọ tèmi, mo fọ abẹ́ èékánná rẹ̀. Ó mọ́ tónítóní. Inú mi tiẹ̀ dùn sí i.

Mo kó o sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ sílé ìwòsàn, dókítà iṣẹ́ abẹ kan sì gbé e sún mọ́ imú. Ó bi mí, èmi nìkan, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, pé ta ló fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní ká ní wọn ò fọ̀ ọ́ ni, òun ì bá gbìyànjú rẹ̀, àmọ́ kẹrosíìnì ti ba àwọn iṣan wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ jẹ́, kò sí ohun tí abẹ́rẹ́ máa rí rán mọ́. Ó dá ọ̀rá náà padà fún mi. Mo wọlé lọ bá Bọ̀ọ̀dá, mo ní wọ́n ní irú ìka bẹ́ẹ̀ ò ṣeé lẹ̀ mọ́ nílẹ̀ yìí.

"Nàìjíríà," ni Bọ̀ọ̀dá wí. Ó kọjú sí ògiri.

Láti ọjọ́ náà ni Nàìjíríà ti ń ru ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ó ń rù ú láìjanpata, irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá bi mí nípa ìka náà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ní ilé ìwòsàn ti kó o dànù. Irọ́ kejì tí mo pa fún un nìyẹn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni mo kúrò nílé. Bọ̀ọ̀dá ló bá mi gbé àpótí dé pápákọ̀ òfurufú, ó sì fi ìka mẹ́rin juwọ́ sí mi.

Màámi ló sọ mí di dókítà. Ó bi mí lórí fóònù irú iṣẹ́ tí mo rí, mo ní mo wà pẹ̀lú àwọn tó ń lẹ ìka tó gé padà. Kò sí irọ́ kankan nínú ẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, láti Bàrígà dé Ọbáníkòró ni wọ́n ti gbọ́ pé ọmọ Ìyá Múfú ń rán ìka nílẹ̀ òyìnbó, wọ́n sì ti ń pe Màámi ní Ìyá Dókítà. Mo fẹ́ tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo pè é nítorí ìyẹn nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ló sì gbé fóònù fún aládùúgbò kan kó sọ ibi tó ń dùn ún fún mi. Mo ní kí gbogbo wọn máa mu omi dáadáa, kí wọ́n sì lọ sílé ìwòsàn. Àwọn dókítà tí mò ń ti bẹ́ẹ̀dì fún náà ò ní ìmọ̀ràn tó dáa jùyẹn lọ.

Bọ̀ọ̀dá ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó kàn bi mí lọ́jọ́ kan bóyá irú tòun yẹn, wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ níbí. Mo ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní ó dáa, pé ó dáa kí ẹnì kan nínú wa mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ òṣìṣẹ́, mo ṣí omi, mo sì dúró síbẹ̀ títí ẹlòmíì fi kan ilẹ̀kùn.

Ẹnì kan tá a jọ wà ní yunifásítì, tó wà ní Kánádà báyìí, kọ ewì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé àwa tá a fi ilé sílẹ̀ dà bí ìka tí wọ́n gé kúrò lára ọwọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn sunkún sábẹ́ ewì náà. Èmi tí mò ń gbé ìka mọ̀ pé ìka tó gé kì í tò fún físà, kì í sì í ya fọ́tò nínú yìnyín ránṣẹ́ sílé. Ẹsẹ̀ ara wa la fi rìn.

Àmọ́ mi ò lè sọ pé mi ò ronú sí i. Bí wọ́n bá rán ìka tán, ẹnikẹ́ni kì í sọ pé ó ti lẹ̀. Wákàtí wákàtí ni nọ́ọ̀sì á máa wá tẹ èékánná rẹ̀ títí á fi funfun, á wá dúró wò ó bóyá á pọ́n padà. Ó lè pọ́n lónìí kó kọ̀ lọ́la. Mo máa ń rántí èyí nínú bọ́ọ̀sì, níbi tí àga ẹ̀gbẹ́ mi ti máa ń jẹ́ èyí tó kún gbẹ̀yìn. Ọjọ́ kan wà tí obìnrin kan jókòó níbẹ̀ nígbà tí àga mẹ́rin míì ṣófo, mo sì gbé ayọ̀ yẹn délé bí ẹni tó gba oyè. Ọjọ́ kejì, àyè ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí mo fi sọ̀kalẹ̀.

Káfíńtà yẹn padà wá lẹ́yìn oṣù méjì kí wọ́n lè yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò. Ó rí mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó béèrè bóyá èmi ni mo gbé ìka òun lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un. Ó nà án sí mi, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó sì ní kí n dì í mú. Mo dì í mú. Ó gbóná. Mo ní mo yọ̀ fún un, mo sì yọ̀ lóòótọ́, àmọ́ bí mo ṣe ń yọ̀ ni nǹkan kan ń bi mí nínú pé ta ni mo fi èyí dù.

Ọ̀sán Tuesday kan, lọ́dún kẹrin mi níbí, mò ń jẹ búrẹ́dì lákòókò ìsinmi nígbà tí Bọ̀ọ̀dá pè mí. Ohun tó kọ́kọ́ kọ mí lóminú ni pé mi ò gbọ́ ariwo ẹ̀rọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kọ́tà ti gé Ìyá Fáwàsì, obìnrin tó ń bá wa ká bébà tó sì ń di ìwé láti ọjọ́ tí mo ti wà níbẹ̀. Àtàǹpàkò òsì ni. Wọ́n ti fi aṣọ di ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ti rí àtàǹpàkò náà, kẹ̀kẹ́ sì ti wà níta.

"Dókítà, kí ni ká ṣe?" ni Bọ̀ọ̀dá wí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pè mí bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Mo ní kí wọ́n gbé ọwọ́ náà sókè, kí wọ́n wá aṣọ funfun tó mọ́. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo gbọ́ tó ń bá ẹnì kan lẹ́yìn sọ̀rọ̀, pé kó bu kẹrosíìnì yẹn wá, pé yíǹkì pọ̀ lára ẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má fọ̀ ọ́."

"O ò rí bó ṣe dúdú ni. Ṣé báyìí la ṣe máa gbé e lọ bá àwọn dókítà?"

"Bó ṣe wà yẹn ni kẹ́ ẹ gbé e. Ẹ gbé kẹrosíìnì yẹn sọnù."

"Kí ni kẹrosíìnì ṣe? Àbí kì í ṣe òun la fi ń fọwọ́ látọjọ́ yìí?"

Mo ní irọ́ tó pọ̀ lẹ́nu. Dókítà gidi á ti rí ọ̀rọ̀ gígùn kan sọ. Àmọ́ mo mọ ẹ̀gbọ́n mi: tí kò bá rí ìdí, á bá mi jiyàn títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹni tó sì ń bu kẹrosíìnì ò dúró gbọ́ àríyànjiyàn.

"Òun ló ba tiyín jẹ́," ni mo wí. "Èmi ni mo fọ̀ ọ́. Dókítà ọjọ́ yẹn ní òun ì bá gbìyànjú ẹ̀. Irọ́ ni mo pa fún yín."

Mo gbọ́ tí Ìyá Fáwàsì ń pe Ọlọ́run. Mo gbọ́ tí kẹ̀kẹ́ ń fun fèrè níta. Bọ̀ọ̀dá sọ̀rọ̀ níkẹyìn, kì í ṣe sí mi. Ó ní, "Da kẹrosíìnì yẹn nù." Ó wá padà sórí fóònù, ní ohùn tó fi máa ń bá oníbàárà tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀.

"Kí ló kàn?"

Mo ní kí wọ́n fi píọ̀-wọ́tà rin aṣọ náà, kí wọ́n fi wé àtàǹpàkò, kí wọ́n kó o sínú ọ̀rá kí wọ́n sì dè é. Ó ń tún un sọ tẹ̀ lé mi fún àwọn tó wà níbẹ̀. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, èmi kì í ṣe dókítà. Bẹ́ẹ̀dì ni mò ń tì."

"Mo gbọ́. Yìnyín ńkọ́?"

Mo ní kí ọ̀rá náà wà lórí yìnyín, kí àtàǹpàkò má fara kàn án. Ó ní ó ti yé òun. Ó pa fóònù. Àkókò ìsinmi mi ti parí, mo sì lọ ti ìyá arúgbó kan lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò egungun. Ó bi mí bóyá ara mi yá. Mo ní ẹ̀yìn ò dùn mí.

Màámi ló ròyìn ìyókù fún mi. Wọ́n rán àtàǹpàkò náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọjọ́ kẹfà, àwọn dókítà ní ó ti ń mí, pé ẹni tó dì í mọ iṣẹ́. Ṣe ni inú Màámi ń dùn. Bọ̀ọ̀dá ò sọ ohunkóhun fún un. Mo wá sọ èyí tó kàn án lára òtítọ́ fún un, pé pọ́tà ni mí, pé mi ò mú abẹ́rẹ́ dání rí.

"Ṣé wọ́n fún ẹ láṣọ?" ló bi mí.

Mo ní wọ́n fún mi. Ó ní ṣé funfun ni. Mo ní búlúù ni.

"Búlúù náà dáa," ni Màámi wí. Títí di òní, Ìyá Dókítà ni wọ́n ń pè é, mo sì gbọ́ pé ó ń dáhùn.

Bọ̀ọ̀dá ò gbé fóònù mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo kọ̀wé sí i, mo rí i pé ó kà á. Mo kọ òmíì, ó kà á. Mo ti to ojú ìwé fún ọdún mélòó kan rí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń to irú èyí.

Àárọ̀ Sunday kan ló pè. Mo ti dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì kí n tó mọ̀ pé mo dọ̀bálẹ̀, fóònù wà ní etí mi, kò sí ẹni tó rí mi. Mo kí i.

"Níbo lo gbé e sí?" ló wí.

Mi ò bi í pé kí ni. Mo sọ fún un pé mo mú un wá sílé, sí Bàrígà, nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì mi. Pé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí gbogbo èèyàn wà lọ́dọ̀ ẹ̀ ní pálọ̀, mo gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, mo fi aṣọ funfun wé e, mo sin ín, mo sì yí òkúta pẹlẹbẹ yẹn padà lé e lórí.

"Òkúta tí mo máa ń jókòó lé ṣe àlùwàlá?"

"Òun ni, sà."

Mo gbọ́ tó dìde. Mo gbọ́ bàtà rẹ̀ lára sìmẹ́ńtì, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé dún. Mo mọ iye ẹsẹ̀ bàtà tó wà láti ibẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ omi, mo sì ń kà wọ́n pẹ̀lú rẹ̀ títí ó fi dúró.

"Ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́," ni Bọ̀ọ̀dá wí. "Fún ọdún mẹ́fà."

Mo ní kó má bínú. Mo ní mi ò ní ọ̀rọ̀ míì. Mo gbọ́ tó ṣí ẹ̀rọ omi, mo gbọ́ tí omi ń dà lórí òkúta náà, ó sì jọ pé ó ń fọ ọwọ́ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ìka kan lẹ́yìn òmíì.

"Mo ti rò pé orí ààtàn kan ló wà," ló wí nígbà tó yá. "Nílé ló wà, ṣé o rí i. Ó wà nílé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

Mo ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Mo wá ọ̀rọ̀ kan tí kò ní jẹ́ irọ́, mi ò rí i. Bọ̀ọ̀dá ò pa fóònù. Ó fi omi sílẹ̀ kó máa dà, ó sì ń dúró.